Àlá Odi: Ta ni Andrew Foster, kí ló sì kàn wá l'Abẹ́òkúta?

Bí ẹ bá dé Ìtòkú, tí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àdìrẹ, wọn ò ní fi orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n dá yín lóhùn. "Ṣé Ìyá Odi lẹ̀ ń wá?" ni wọ́n á wí, wọ́n á sì nawọ́ sí ibẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ láti fi bú wọn. Àwọn aládùúgbò ọjà yẹn fẹ́ràn wọn gan-an, àwọn náà ni wọ́n ń bá wọn ṣọ́ igbá bí wọ́n bá lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ibi orúkọ yẹn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ìtàn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ fún yín kò jìnnà sí i.

Ẹni tí etí ẹ̀ kò gbọ́rọ̀ là ń pè ní adití. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ là ń pè ní odi. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn ibà líle kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí wọn lọ, ni àǹtí mi kò ti gbọ́rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kún inú wọn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń nájà, òun ni wọ́n fi ń bá ọmọṣẹ́ wí, òun náà ni wọ́n fi ń ṣòfófó. Àwọn àgbà ní àlá tí odi bá lá, inú ẹ̀ ló ń gbé. Mo gbà pé ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì jókòó ti àwọn adití mẹ́ta tàbí mẹ́rin nírọ̀lẹ́ kí ó wo bí ọwọ́ ṣe ń fò, bí ojú àti ìpéǹpéjú ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí gbogbo wọn ṣe ń bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń rọ́ àlá wọn fún ara wọn. Àwa tó dúró tì wọ́n ni kò yé.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, gbogbo àgbáyé ń ṣe àjọ̀dún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ ní 1992. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá yìí kan náà ni Andrew Foster kú, ní 1987, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú tó wọ̀ já ní Rwanda. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbọ́rọ̀ léèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn adití mọ̀ ọ́n. Àǹtí mi mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fojú kàn án rí, torí ọkùnrin adití tó kọ́ wọn ní èdè ọwọ́, Ìbàdàn ni òun náà ti kọ́ ọ, nínú iṣẹ́ tí Foster dá sílẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 1925 ni wọ́n bí Foster ní Ensley, lẹ́bàá ìlú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wíwa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ni bàbá ẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, àrùn yírùnyírùn mú òun àti ọmọ ìyá ẹ̀ lọ́kùnrin. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n etí àwọn méjèèjì di pátápátá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà fún irú wọn ní Alabama nígbà náà, èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún adití àti afọ́jú tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwé mẹ́fà ni òpin ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ funfun tó jẹ́ adití lè tẹ̀ síwájú. Ọmọ dúdú tó jẹ́ adití, ìwé mẹ́fà ti tó o, máa lọ wáṣẹ́ ṣe.

Kò gbà. Ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Michigan lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ̀ ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńláńlá lọ́sàn-án, ó sì ń kàwé lálẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nílé ló fi gba ìwé ẹ̀rí gírámà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà fún adití ní Washington, Gallaudet lorúkọ ẹ̀, kò sì sí irú ẹ̀ níbòmíràn lákòókò yẹn. Foster kọ̀wé sí wọn léraléra, wọ́n sì ń dá a padà nítorí àwọ̀ ara ẹ̀. Ní 1951 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Nígbà tó parí ní 1954, òun ni wọ́n kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè níbẹ̀. Ó tún lọ gba oyè mìíràn lórí iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1956 ló dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere sílẹ̀ nítorí àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọ kan sí òmíràn.

Ghana ló ti kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ní Accra, ní 1957, ọdún tí wọ́n gba òmìnira. Àwọn kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere níhìn-ín ṣáájú ẹ̀ sọ fún un pé kò sí ọmọ adití ní Áfíríkà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Wọn ò purọ́, wọn ò rí wọn ni. Inú yàrá làwọn ọmọ náà wà, lẹ́yìn ilé, nínú oko, níbi tí àlejò kì í dé. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni Foster yá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ bá ti lọ sílé. Bí ìròyìn ṣe kàn pé ọkùnrin dúdú kan tó jẹ́ adití fúnra ẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà, tó sì ń kọ́ adití níwèé, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ jáde.

Ní 1960, ọdún òmìnira tiwa náà, ó dé Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ di orísun. Kò pẹ́ tó fi dé Enugu àti Kaduna. Nígbà tó fi máa kú, iye ilé ẹ̀kọ́ tó ti dá sílẹ̀ ti lé ní 30, káàkiri orílẹ̀-èdè tó ju mẹ́wàá lọ. Ó máa ń pín ọdún sí méjì: á lo apá kan níhìn-ín, á lọ lo èyí tó kù l'Amẹ́ríkà láti lọ wá owó. Ìyàwó ẹ̀, Berta, tí òun náà jẹ́ adití, ọmọ Jámánì ni.

Mo lè dúró níbí kí n sọ pé ẹni ńlá ni, kí a yìn ín, kí a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ló yẹ kí a yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa ti wọlé.

Ní 1880, àwọn olùkọ́ adití láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé kan ní ìlú Milan, ní Ítálì. Wọ́n dìbò pé kí wọ́n má fi ọwọ́ kọ́ adití mọ́, pé kí wọ́n máa kọ́ wọn láti wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí àwọn náà sì máa fi ipá fọhùn. Ìpinnu yẹn jọba lórí ilé ẹ̀kọ́ adití fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹgba nítorí pé wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Yorùbá ní adití woni lẹ́nu sùn-ùn, a sì mọ̀ pé wíwò náà kò sọ pé ó gbọ́. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ sọ "bàbá", kí ẹ sọ "màmá", láì gbóhùn sókè. Ètè yín á ṣe bákan náà. Ẹ wá rò ó wò, kí ọmọ ọdún mẹ́fà fi ìyẹn kọ́ ìṣirò. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ya "igbá" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìgbà" àti "igba" ńkọ́? Kò hàn lórí ètè rárá.

Foster mú ọwọ́ padà wọ kíláàsì. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ìka kọ lẹ́tà, kí wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, kí ẹni tó bá lè fọhùn fọhùn, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ohun kejì tó ṣe ló tóbi jù lójú mi: ó sọ adití di olùkọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Àwọn mìíràn wá láti orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n padà lọ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nílé wọn. Ọmọ tó dé kíláàsì tó rí i pé ẹni tó dúró síwájú, tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, adití bíi tòun ni, ọmọ yẹn ti rí ọjọ́ iwájú ara ẹ̀ kó tó kọ́ A.

Iṣẹ́ náà ní ibi tó kù sí, kò sì yẹ ká fi pamọ́ nítorí pé à ń bọlá fún un. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ni Foster gbé wá. Bí àǹtí mi bá fẹ́ sọ pé "omi", wọ́n á na ìka mẹ́ta sókè, wọ́n á fi kan àgbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ìka mẹ́ta yẹn, lẹ́tà W ni, W tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ omi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Omi tiwa kò ní W nínú. Ṣáájú kí Foster tó dé, àwọn adití ilẹ̀ yìí ní ọwọ́ tiwọn tí wọ́n fi ń bá ará ilé àti ará ọjà sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Haúsá, ó ti di odindi èdè tí àwọn adití ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìran dé ìran. Ọ̀pọ̀ irú ọwọ́ ilé bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ bò mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe bo tiwa náà. Lónìí, àwọn adití àti onímọ̀ èdè kan ní Nàìjíríà ti ń kó ọwọ́ àbáláyé wọ̀nyí jọ kó má baà parẹ́. Mo rò pé ẹni tó jà fún ẹ̀tọ́ adití láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kò ní bínú sí wọn.

Kí ló dé tí èdè fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bí ní adití, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé òbí wọn ń gbọ́rọ̀. Ìyá ń sọ Yorùbá, bàbá ń sọ Yorùbá, ọmọ ò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ sọ nínú ilé. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ máa ń gba èdè jù lọ. Bí ọdún yẹn bá kọjá láìsí èdè kankan, ti ẹnu ni o, ti ọwọ́ ni o, nǹkan tó sọnù níbẹ̀ ṣòro láti rí padà. Oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ fún etí ni ọmọ á máa yí kiri, èdè kò sì sí. Mi ò sọ pé kí a má gbàdúrà. Kí a máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gbàdúrà lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọmọdé tí etí wọn kò gbọ́rọ̀, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ohun tó fà á ṣeé dènà. Èèyi wà níbẹ̀, yírùnyírùn wà níbẹ̀, ibà pọ́njú tó ń mú ọmọ tuntun tí wọn ò tètè tọ́jú, etí tó ń ṣọyún tí wọ́n ń da òróró gbígbóná sí, àti àwọn abẹ́rẹ́ líle kan bíi gentamicin tí wọ́n gún láìwọ̀n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà méjì àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ti ọmọ yín.

Ní ti òfin, Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Ó gba ọdún gbọ́rọrọ kí tiwa tó jáde. Oṣù Kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ṣíṣe ojúsàájú sí wọn léèwọ̀, òfin tí wọ́n ń pè ní ti 2018. Ó fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ara wọn ṣe, kí oníkẹ̀kẹ́ arọ lè rí ọ̀nà gbà. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù Kìíní 2024. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ipò márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gba wọ́n síṣẹ́. Ó ka fífi wọ́n tọrọ báárà léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ẹni tí ìbánisọ̀rọ̀ ṣòro fún gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà tí wọ́n á fi gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tó bá ṣe ojúsàájú, ₦100,000 ni owó ìtanràn, iléeṣẹ́ sì máa san mílíọ̀nù kan.

Èmi àti àǹtí mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, pé mò ń bọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gba káàdì. Aago kan ọ̀sán ni mo dé, mo bá wọn lórí ìjókòó kan náà, báàgì wọn lórí itan. Nọ́ọ̀sì ti pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó fi káàdì wọn sísàlẹ̀. Mo ṣàlàyé, ó ní, "Ẹ má bínú, kí ló dé tí wọn ò sọ?" Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. A wọlé bá dókítà. Èmi ni dókítà ń wò. "Kí ló ń ṣe wọ́n? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Àǹtí mi kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fa bébà kan sọ́dọ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÈMI NI ARA Ń DÙN.

Dókítà náà gbà á, ó yí àga sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó yẹ kí òfin ti ṣe ni bébà kan àti ọkàn kan tó rọ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àǹtí mi mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà. Adití tí kò ríwèé kà ńkọ́? Aboyún tó jẹ́ adití, tó ń rọbí lóru, tí wọ́n ń pariwo "Tì í! Má tì í mọ́!" mọ́ ọn lórí?

Àwa ará Abẹ́òkúta fẹ́ràn ohun àkọ́kọ́. Ìlú yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, lédè Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó máa tẹ̀wé ìròyìn ní Nàìjíríà. Àárò, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, náà wà níbí. Nígbà tí ibòmíràn ń ti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́lé, Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí, ní kí wọ́n máa gbé inú abúlé tó yí Àárò ká, nínú ilé àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú kí wọ́n sì máa bá wọn lọ sóko. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni. Àwọn ará abúlé ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá wọn gbé. Ohun tí mo ń wá fún adití kò yàtọ̀ sí ìyẹn: kí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ náà kọ́ nǹkan.

Torí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí a bọlá fún Foster, bóyá kí a fi orúkọ ẹ̀ pe gbọ̀ngàn, bí Gallaudet tó lé e tẹ́lẹ̀ ṣe fi pe tiwọn, mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì méjì ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ béèrè pé "níbo ló ń dùn ẹ́?" Kí wọ́n gba adití tó kàwé olùkọ́ síṣẹ́ olùkọ́. Kí wọ́n kọ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun ò gbọ́rọ̀ ní ọwọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n, ní ọjọ́ náà gan-an, kó tó kúrò níbẹ̀. Bí aláboyún bá ń kọjá, a máa ń ṣàdúrà pé kí òòṣà ya ọnà re kò wá. Ọmọ adití náà, ọnà re ni. A ò tíì kọ́ bí a ṣe ń kà á ni.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lójú mi ní Ìtòkú. Ọkùnrin kan dá mọ́tò dúró, ó ń wo àǹtí mi bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun. Ó yọ ₦500, ó fi í sórí tábìlì, ó sì yíjú padà láì mú nǹkan kan. Àánú ló ṣe é. Àǹtí mi gbé ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́tò, wọ́n fi àjákù àdìrẹ kékeré kan lé e lọ́wọ́, wọ́n na ìka márùn-ún. Ọjà ni wọ́n tà fún un. Ọkùnrin náà dúró, ó wo aṣọ, ó wo ìka. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọkọ̀.

Láti bí oṣù mélòó kan, ìyá kan láti Ìjẹmọ̀ ti ń mú ọmọbìnrin ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni, dókítà ti sọ pé etí ẹ̀ kò gbọ́. Àǹtí mi máa ń jókòó sórí àpótí, ọmọ lórí ẹsẹ̀ kan, ìyá níwájú wọn, torí ìyá gan-an ni wọ́n ń kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òùngbẹ gbẹ ọmọ náà. Kò sunkún, kò fa aṣọ ìyá ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ọwọ́ kejì tẹ ìka tó yẹ kó ká lọ sílẹ̀, ó na mẹ́ta tó kù, ó sì fi kan àgbọ̀n. Èlú ṣì wà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ nígbà tó sáré lọ bu omi wá.